Ìkòkò Òjé Bàbá Sàlàkọ́

Ìbínú ẹ̀gbọ́n mi Mùsílímátù kì í tètè dé, ṣùgbọ́n bí ó bá dé, kì í mọ ọ̀nà ilé lọ mọ́.

Nígbà tí ó ti òkè òkun dé ní ọdún 1954, kò tíì sí obìnrin kankan ní àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́ tí ó kọ́ kẹ́mísìrì àti físíìsì yanjú. Ilé-ìwé kan ní Ìkòròdú gbà á ní tíṣà, ọ̀gá ibẹ̀ sì ní kí ó máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ó wo ọ̀gá náà títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé abẹ́rẹ́ ni mo lọ kọ́ lókè òkun?" Ìgbà tí kò yé béèrè ni wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kẹ́mísìrì.

Bàbá Sàlàkọ́, àbúrò bàbá wa, ló tọ́ wa lẹ́yìn tí bàbá wa kú. Òjé ni iṣẹ́ rẹ̀. A máa ń ra bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, a fọ́ ọ, a da omi kíkan inú rẹ̀ sẹ́bàá kànga, a sì yọ́ òjé rẹ̀ nínú ìkòkò irin fún àwọn apẹja tí ń so ó mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n kí ó lè rì.

Nígbà tí Mùsílímátù wálé fún Iléyá, inú ń run àwọn ọmọ agboolé, wọn kò lè jẹun. Gìrì sì ń gbé Bísíríyù, ọmọ tí Rọ̀kíbátù, ọmọbìnrin Bàbá fúnra rẹ̀, bí. Mùsílímátù bu omi kànga àti eérú ìdí ààrò tí a ti ń yọ́ òjé lọ sí Ìkòròdú. Nígbà tí ó kán oògùn kẹ́mísìrì tí a fi ń dá òjé mọ̀ sí i, omi náà di àwọ̀ ìyeyè.

Ó padà wá bá Bàbá níwájú àwọn àgbà.

"Bàbá, òjé ló wà nínú omi wa. Òun ló ń bá àwọn ọmọ jà."

"Òjé tí mo ti ń fọwọ́ mú láti ìgbà èwe? Òjé yìí ló rán ọ níwèé."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú."

Àwọn àgbà ní kí ó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà tó fi ní, "Ẹ pa iná yẹn. Bí ẹ ò bá pa á, èmi á pa á."

Ó pe wolé-wolé. Wolé-wolé dé, ó bu omi kànga wa mu níṣojú gbogbo èèyàn, ó nu ẹnu, ó ní omi mọ́ gaara, kí wọ́n wá ọkọ fún tíṣà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bísíríyù kú kí oṣù yẹn tó parí.

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, lọ́sàn-án gangan, Mùsílímátù gbé òòlù, ó fọ́ ààrò náà túútúú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju òkúta sínú kànga. Ọkùnrin kan fẹ́ dì í mú, ṣùgbọ́n Rọ̀kíbátù jáde nínú ilé pẹ̀lú agbada yanrìn lórí, kò wo ẹnikẹ́ni lójú, ó da yanrìn náà sínú kànga, ó sì padà lọ bu òmíràn. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá gbé iṣẹ́ òjé rẹ̀ lọ sí Èjìnrìn. Mùsílímátù wọ ọkọ̀ ojú omi tẹ̀ lé e, ó lọ sọ ọ́ létí àwọn ìyá ọlọ́jà ibẹ̀. Àwọn ni wọ́n lé Bàbá padà sílé.

Nígbà tó yá, òjé mú Bàbá fúnra rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ, kò lè gbé ife. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń ti Ìkòròdú wá fún un lẹ́kọ mu. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá bi í pé, "Mùsílímátù, ṣé o ti dárí jì mí?"

"Rárá, Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹ lanu."