Ọjọ́ Tí Wọ́n Ka Ọ̀rọ̀ Àǹtí Wáyà Sókè

Àǹtí Wáyà ni gbogbo ilé iṣẹ́ irin náà ń pè é, nítorí òun ló na gbogbo wáyà tó so àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀ pọ̀ mọ́ra, láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìn ìléru. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Obìnrin gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìrìn rẹ̀ yá bíi ti ẹni tí wọ́n ń pè níbòmíràn, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀. Bí nǹkan ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò sọ ọ́, ì báà jẹ́ ojú máníjà ló ń wò.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nǹkan méjì ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ọ̀gá lé ogójì òṣìṣẹ́ dànù ní yàrá tí wọ́n ti ń darí ẹ̀rọ, wọ́n wá kó àjèjì mọ́kànlá wá láti òkèèrè kí wọ́n rọ́pò wọn. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ ni ìwé ìrìnnà àwọn àjèjì náà wà. Èyí tó bá ráhùn nínú wọn, ọ̀nà ilé ló máa bá ara rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìdí tí àwọn ọ̀gá fi fẹ́ràn wọn nìyẹn.

Èkejì ni pé àwọn ọ̀gá kan náà lọ ra ètò kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó wà lókè òkun, wọ́n sì fi í sínú gbogbo ẹ̀rọ pátá: géètì, ilẹ̀kùn, kíréènì, pọ́ǹpù omi.

"Sà, ẹ jẹ́ ká lo oríṣi méjì, ó kéré tán," Àǹtí Wáyà sọ fún máníjà. "Bí èyí bá ṣàìsàn, gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbí ló máa kú lẹ́ẹ̀kan náà."

"Àǹtí, ẹ yọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà nílé omi yẹn kúrò kó tó di ọjọ́ Ẹtì."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò kàn yọ ọ́ ni. Ó fi báàgì sìmẹ́ǹtì òfìfo bo kọ̀ǹpútà náà, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, ibẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sí. Ọ̀rọ̀ ètò kọ̀ǹpútà, ènìyàn mẹ́ta ló fara mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ sì wà nínú àwọn mẹ́ta náà. Ṣùgbọ́n èyí tó kọ nípa àwọn àjèjì, ó lé ní irínwó ènìyàn tó kan sáárá sí i. Ohun tó kọ nìyí: "Àwọn wọ̀nyí ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Bí a bá dákẹ́, wọ́n á lé gbogbo wa tán. Ẹ jẹ́ ká fi yé wọn pé a ò fẹ́ wọn níbí."

Inú bí i lọ́jọ́ tó kọ ọ́. Àbúrò ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn ogójì tí wọ́n lé. Kíréènì ló ń darí láti yàrá náà kí wọ́n tó lé e. Eyínfúnjowó ni Àǹtí Wáyà sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, nítorí ẹ̀rín rẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí kan ibi iṣẹ́. Látìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé, nínú yàrá tó fara ti ilé ìdáná, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Àràárọ̀ ló ń jáde lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n lé, wọ́n á jọ dúró síwájú géètì, wọ́n á máa pariwo.

"Ìyàwó wa," ó máa ń sọ fún un nídìí oúnjẹ, "ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń kà á."

Ó dùn mọ́ Àǹtí Wáyà nínú nígbà náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ojú gbogbo kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà dúdú lẹ́ẹ̀kan náà. Géètì ńlá ṣí fúnra rẹ̀, kò sì padé mọ́. Àwọn ilẹ̀kùn inú tì pa. Nínú ìléru, kíréènì tó gbé ìkòkò irin yíyọ́ lókè dúró gbọn-in, ìkòkò náà sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irin tó ń jó bí oòrùn ya lulẹ̀ sórí àwọn ọkùnrin méjì tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan fò sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ kan san án. Bàbá Ìbejì ni èkejì, ẹni tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn nítorí àwàdà rẹ̀. Igbe kan ṣoṣo ló ké. Ohun tí wọ́n fi tapólì wé jáde sí gbangba kò gùn ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, èéfín sì ń rú lára rẹ̀.

Àwọn tó wà níwájú géètì ti ya wọlé. Ẹnìkan pariwo pé, "Àwọn àjèjì ló ṣe é! Àwọn ló wà nídìí kọ̀ǹpútà!" Eyínfúnjowó fò gun orí àgbá epo kan, ó yọ fóònù jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

"Ẹ gbọ́ ohun tí Àǹtí Wáyà wí! Àwọn wọ̀nyí ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa! Ẹ jẹ́ ká fi yé wọn pé a ò fẹ́ wọn níbí!"

Àǹtí Wáyà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé omi nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó pariwo pé kí wọ́n dúró. Ta ló máa gbọ́? Irin wíńdò, sọ́bìrì, òkúta, ohun tí ọwọ́ kálukú bá sáà ti bà ni wọ́n gbé, wọ́n sì rọ́ lọ sí ọ́fíìsì àwọn àjèjì.

Wọ́n fọ́ gíláàsì wọlé. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn àjèjì náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbọ́ nínú èdè wa, òun ló fi ń kí gbogbo ènìyàn láàárọ̀, òun náà ni wọ́n sì sọ ọ́: Ọ̀rẹ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ní, "Ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́." Sọ́bìrì ló kọ́kọ́ bà á lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń lù ú nílẹ̀ ló ń pè é, ohùn ń lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Wọn ò dẹ̀yìn títí kò fi pè é mọ́.

Àwọn tó kù ń fò jáde lójú wíńdò. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Onígíláàsì, sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé omi, orí rẹ̀ ti là, kò sì ríran torí gíláàsì ti fọ́ mọ́ ọn lójú. Àǹtí Wáyà gbá a mú lẹ́wù, ó wọ́ ọ wọlé, ó sì fi ọ̀pá irin dábùú ilẹ̀kùn.

Ìgbà tó yíjú padà ló rí i pé gbogbo pọ́ǹpù ti dákẹ́. Omi ló ń tu ògiri ìléru lára. Bí omi ò bá lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ògiri yóò là, irin yíyọ́ yóò pàdé omi, kò sì sí ẹni tó wà nínú ọgbà yẹn tó máa délé. Ó ká báàgì sìmẹ́ǹtì kúrò. Iná kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà ṣì ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ètò tirẹ̀ yàtọ̀, ohun tó pa àwọn yòókù kò kàn án, ó sì lè ṣí pọ́ǹpù méjì tó wà ní ìpamọ́.

Kò tíì tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí tán tí ilẹ̀kùn fi ya wọlé.

Eyínfúnjowó ló ṣíwájú, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn kún àyà ẹ̀wù rẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹ yàgò!"

"Ọkọ mi, mo bẹ̀ yín. Ìléru fẹ́ bú!"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́! Ẹ yàgò!"

Ó gbé ọ̀pá irin sókè sí orí Onígíláàsì. Àǹtí Wáyà na apá ọ̀tún bò ó. Egungun náà ró bí igi gbígbẹ, ó sì yọ ṣóńṣó jáde lára awọ. Kò mọ bí òun ṣe rí sípánà ńlá gbé. Ọwọ́ òsì ló fi gbé e, orúnkún àbúrò ọkọ rẹ̀ ló sì là á mọ́, pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù fún un. Eyínfúnjowó ṣubú, ó ń ké bí ẹran. Ẹlòmíràn ta Àǹtí Wáyà nípàá nínú, òun náà ṣubú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Bàbá Iná, àgbàlagbà tó ti ń tọ́jú ìléru fún ọgbọ̀n ọdún, ló gbà á. Ó gba sọ́bìrì lọ́wọ́ ẹnìkan, ó fi gbá ẹni tó sún mọ́ ọn jù lẹ́yìn ọrùn, ó wá ké pé, "Ẹ gbọ́ ohùn ìléru! Ẹ̀yin aláìlóye, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀!"

Wọ́n dákẹ́, wọ́n sì gbọ́ ọ. Ìléru ń dún kẹ̀ẹ̀, kẹ̀ẹ̀, bí ìkòkò tó fẹ́ fọ́ lórí iná. Àwọn kan sá. Àwọn kan dúró síbẹ̀, irin lọ́wọ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ọwọ́ Àǹtí Wáyà kò ṣe é lò mọ́. Onígíláàsì rákò dé ìdí kọ̀ǹpútà, ó nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú, ó sì gbé ojú sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Mo mọ irú èyí," ó ní. "Ilé mi, mo kọ́ ọ."

Àǹtí Wáyà dùbúlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó ń pe lẹ́tà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bì láàárín. Pọ́ǹpù àkọ́kọ́ gbọ̀n, ó mí. Èkejì tẹ̀ lé e. Wọ́n gbọ́ bí omi ṣe ń wọ inú ọ̀pá lọ.

Òkú méjì ni wọ́n gbé jáde lọ́jọ́ náà: Bàbá Ìbejì àti Ọ̀rẹ́.

Àwọn olùwádìí fi oṣù méjì tú u wò. Oníṣòwò ètò kọ̀ǹpútà ló fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ láti òkè òkun láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí kò dán an wò dáadáa. Gbogbo ibi tó ń lo ètò náà ló kú ní wákàtí kan náà. Àjèjì kankan kò fọwọ́ kan ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ìwádìí ò tíì parí tí àwọn ọ̀gá fi kó àwọn mẹ́wàá tó kù sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n sì dá wọn padà sílé láìbi wọ́n léèrè. Nígbà tí Onígíláàsì ń lọ, ó ya ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú Àǹtí Wáyà. Ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀, ó sì jáde.

Ní kóòtù, Àǹtí Wáyà jẹ́rìí ta ko àbúrò ọkọ rẹ̀. Lọ́yà Eyínfúnjowó gbé ọ̀rọ̀ orí fóònù yẹn fún un pé kó kà á.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ ṣì gbà á gbọ́?"

"Ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe fún wa burú, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ibi tó yẹ kí n kọ 'àwọn ọ̀gá', 'àwọn wọ̀nyí' ni mo kọ. Lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, mo lè bá àwọn ọ̀gá jiyàn, àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n lé, ẹ̀rù wọn bà mí. Ẹni tí kò lè fèsì ni mo dojú kọ."

Ẹ̀wọ̀n ọdún méjìlá ni adájọ́ fún Eyínfúnjowó nítorí ikú Ọ̀rẹ́. Máníjà ṣì wà lórí àga rẹ̀. Wọ́n ti pín ètò kọ̀ǹpútà sí oríṣi méjì, ó tiẹ̀ ń sọ fún àwọn àlejò pé òun lòun ronú kàn án.

Ìyá ọkọ Àǹtí Wáyà kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀ kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò sì dá a lẹ́bi. Ó kàn ń lọ wo àbúrò rẹ̀ lẹ́wọ̀n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìyàwó rẹ̀ á jókòó dè é nínú ọkọ̀. Ó tó ọdún kan tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Àǹtí Wáyà ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wọlé.

Eyínfúnjowó jókòó sẹ́yìn àwọ̀n irin, ó ti rù. Ó wò ó títí.

"Ìyàwó wa," ó ní. "Mo máa ń gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn."

"Ọ̀rẹ́?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Èmi náà ń gbọ́ ọ," ni Àǹtí Wáyà wí, ó sì fa àga jókòó.