Kòtò Omi Ẹ̀yìn Ilé Mọ́níkẹ́

Ìdí ìkòkò aró ni Asiata wà lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé Mọ́níkẹ́, aládùúgbò rẹ̀, ní Adigbẹ. Ó kọ́kọ́ rò pé ṣáláńgá ni. Ṣùgbọ́n kòtò náà ń fẹ̀ ju bó ṣe ń jìn lọ, nígbà tó sì rí i tí ọkọ̀ akẹ́rù já sìmẹ́ńtì sílẹ̀ rẹpẹtẹ, ó bi bíríkìlà kan pé kí ni wọ́n ń kọ́.

"Púùlù ni, Ìyá. Ibi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, irú ti òtẹ́ẹ̀lì."

Asiata padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń po aró tó ti pò tẹ́lẹ̀.

Òun àti Mọ́níkẹ́ jọ kọ́ṣẹ́ adìrẹ lọ́wọ́ ọ̀gá kan náà ní Ìtòkú ni, orí ẹní kan náà ni wọ́n sì ń sùn nígbà náà. Ọwọ́ Asiata ló dá jù. Mọ́níkẹ́ kì í fi ìyẹ́ adìyẹ ya ìlà sára aṣọ kó má wọ́. Nígbà tó yá, Mọ́níkẹ́ fẹ́ Ògúndípẹ̀, tó ń fi ọkọ̀ kó sìmẹ́ńtì láti Ewékorò, Asiata sì fẹ́ Sàlàhúdíìnì, ọmọ ìdílé oníṣòwò kan ní Kémta. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ra ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ilé Mọ́níkẹ́ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ti Asiata ò kúrò nílẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì fẹ́ ìyàwó kékeré sí Papalanto, ó wá ń yà wò ó bí àlejò.

Asiata fara da pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó fara da mọ́tò Pijó tó ń dán. Ṣùgbọ́n omi tí ẹnikẹ́ni ò ní mu, tí wọn ò ní fi fọṣọ, nígbà tí òun ń to garawa sídìí ẹ̀rọ omi ní òwúrọ̀ kùtù, èyí pọ̀ jù. Kò rí oorun sùn. Lọ́jọ́ Ajé, ó da ìborùn borí, ó di ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń buwọ́ lu pùláànù ilé.

"Ẹ dákun," ó ní, "ṣé ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ń gbẹ́ òkun sí Adigbẹ?"

Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé, òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán wá yẹ ibẹ̀ wò, bá pùláànù ilé lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí púùlù nínú rẹ̀. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró. Lọ́jọ́ náà, oúnjẹ dùn lẹ́nu Asiata.

Adùn náà ò pẹ́. Ògúndípẹ̀ ní kí wọ́n ya pùláànù tuntun, ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Nígbà tí Olúbọ̀dé tún dé, ó ní kí wọ́n fi ọgbà yí kòtò náà ká, kí ọmọdé má baà já sí i. Ó wá wo bí ilẹ̀ ṣe dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sí ọ̀dọ̀ Asiata.

"Omi ìdọ̀tí yín ò gbọdọ̀ dà sí àgbàlá ẹlòmíràn," ó ní. "Ẹ ní láti la gọ́tà gba ilẹ̀ aládùúgbò yín dé ojú títì, kí òun fúnra rẹ̀ sì wá sọ níwájú wa pé òun gbà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mọ́níkẹ́ wọlé tọ Asiata wá, ó jókòó sórí àpótí.

"Asiata, mo wá bẹ̀ ọ́ nítorí gọ́tà."

"Gọ́tà wo? Ibẹ̀ ni mo ń sá aṣọ sí."

"A ó bò ó mọ́lẹ̀. O ó máa sáṣọ lórí rẹ̀."

"Ṣé dandan ni kí o lúwẹ̀ẹ́ ni? Ìgbà wo lo di ẹja?"

Mọ́níkẹ́ fa àpótí sún mọ́ ọn. "Mo mọ̀ pé ìwọ lo lọ sí ọ́fíìsì yẹn. Mi ò sọ fún ọkọ mi."

Asiata bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tó wà nítòsí rẹ̀.

"Kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ lúwẹ̀ẹ́," Mọ́níkẹ́ ní. "Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dojú dé pẹ̀lú ọkọ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́. O rò pé ó ṣì ń fi ọ̀pá rìn. Inú ilé, ńṣe là ń gbé e. Dókítà ní inú omi ló ti lè gbé ẹsẹ̀ láìjẹ̀rora. A gbé e lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, àwọn èèyàn ń wò ó bí ìran. Ó ní òun ò lọ mọ́."

"Máa lọ ná," Asiata ní. "N ó rò ó."

Ì bá sàn fún un kí Mọ́níkẹ́ bú u. Àṣírí tí ó bò fún un yìí ló ń ta á lára. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó lọ sí ọ́fíìsì, ó sọ fún Olúbọ̀dé pé òun gbà, kò sì wo ojú Mọ́níkẹ́ tó jókòó nítòsí.

Wọ́n parí púùlù náà. Olúbọ̀dé wá fún ìgbà ìkẹyìn, ó ti ilẹ̀kùn ọgbà, ó ṣí i, ó da omi sí gọ́tà títí ó fi ṣàn dé títì, ó sì fún wọn ní ìwé àṣẹ. Mọ́níkẹ́ ránṣẹ́ pe Asiata pé kó wá wò ó.

Asiata bá òun àti ọkọ rẹ̀ nínú omi. Mọ́níkẹ́ ró ìró mọ́ àyà, ó gbá ọkọ rẹ̀ mú lábẹ́ abíyá. Ògúndípẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan, ó rì díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ fà á sókè. Ọkùnrin náà sọ nǹkan kan sí i létí, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Asiata ti rò pé, bí òun bá ti mọ ohun tí púùlù náà wà fún, ìlara òun á tán. Kò tán. Omi náà ò jọ ọ́ lójú mọ́. Ọwọ́ Mọ́níkẹ́ tó wà lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Kò rántí ìgbà tí ọwọ́ Sàlàhúdíìnì, ọkọ tirẹ̀, ti kan ẹ̀yìn òun kẹ́yìn.

"Asiata, wá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́!" Mọ́níkẹ́ pè é.

"Aró wà lẹ́sẹ̀ mi," ó ní. "N ó ba omi yín jẹ́."

Kí ọdún náà tó parí, ó kó gbogbo ìkòkò rẹ̀ lọ sí iwájú ilé, níbi tí eruku títì ti ń bà lé aṣọ. Ó sọ fún àwọn tó bi í pé oòrùn ibẹ̀ ló dára. Òun àti Mọ́níkẹ́ ṣì ń kí ara wọn, wọ́n sì jọ ń lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, bí ẹ̀rín Mọ́níkẹ́ àti ọkọ rẹ̀ bá ta dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á mú òòlù igi, á sì máa fi lu aṣọ lórí pákó kíkankíkan, títí kò fi ní gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́.