Lẹ́tà lọ́dọ̀ baálẹ̀ tí wọ́n ti pa

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Obìnrin aládùúgbò mi kan sá ogun wá láti Kamẹrúùnù. Mo sìn ín lọ sí ọ́fíìsì kan ní Arámọ̀kọ lónìí, kó lè gba ìwé tọ́mọ ẹ̀ máa fi wọ iléèwé.

Akọ̀wé ní, "Kó gba lẹ́tà wá lọ́dọ̀ baálẹ̀ ìlú wọn."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìṣojú ẹ̀ ni wọ́n ti pa baálẹ̀ ọ̀hún."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kó mú sátífíkéètì ikú baálẹ̀ wá nígbà yẹn."

Obìnrin yìí ò gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀rín ló rí. Ó kúnlẹ̀: "Ẹ ṣé, sà." Èmi ni mo kọ́ ọ bó ṣe máa dúpẹ́.

Ó ń bi mí báyìí pé ọjọ́ wo lọmọ òun máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n sọ?