Gìtá Tí Màmá Ní Kí N Là Wò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí kóòmù ṣì ń rí iṣẹ́ ṣe lórí mi, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo ń gbé, ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù níbí. Màmá là ń pè wọ́n. Obì gbànja ni wọ́n ń tà. Bí mo bá di ojú mi báyìí, òórùn ewé gbòdògì tútù tí wọ́n fi ń bo obì nínú apẹ̀rẹ̀ á tún gba imú mi, àfi bí ẹni pé Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn yàrá obì.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ra gìtá fún yín. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún iwájú.

Olùkọ́ yunifásítì kan ló gba yàrá lẹ́yìn ilé wa. Ìjọ tó ń sinmi lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n ń lọ, wọn kì í sì í jẹ obì. Màmá á ní, "Èèyàn dáadáa ni, àfi bó ṣe fẹ́ kí ebi pa wá yìí." Tí oòrùn ọjọ́ Sátidé bá ti ń wọ̀, tí òrùlé páànù gbogbo àdúgbò bá pọ́n bí epo, ọ̀gá yìí á gbé gìtá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Gìtá olókùn ọ̀rá ni, kò lo iná, kò pariwo. Ohùn rẹ̀ dà bí òjò tó ń rọ̀ sórí ewé kókò níbi tó jìnnà. Obì tí mò ń ṣà á dúró lọ́wọ́ mi, mi ò ní mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú.

Bí ìfẹ́ gìtá ṣe wọ̀ mí lára nìyẹn. Mo bẹ Màmá títí wọ́n fi gbà. Wọ́n ní, "N ó rà á, èyí tí agbára mi bá ká. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa yàn án fúnra rẹ. Tí o bá yan èyí tí kò dáa, kò sí òmíràn mọ́. A ò ní dárúkọ gìtá mọ́ nínú ilé yìí." Màmá kì í yí ọ̀rọ̀ wọn padà.

Mo sáré tọ ọ̀gá lọ. Wọ́n ní kí n má wo dídán. Kí n mú olókùn ọ̀rá, nítorí okùn irin á gé ìka ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Kí okùn má ga jù lórí ọrùn rẹ̀. Kí n fi ojú kan wo ọrùn náà bí káfíńtà ṣe ń wo pákó, bóyá ó wọ́. Àlòkù kò burú, tí igi rẹ̀ kò bá ti sán. "Ju gbogbo rẹ̀ lọ," wọ́n ní, "ta á, kí o gbọ́ ohùn rẹ̀." Gbogbo èyí tó ṣáájú ni mo gbọ́. Ti títa yẹn, àfi bíi pé wọ́n ní kí n bọ́ ṣòkòtò láàárín ọjà. Kí ni mo mọ̀ tí mo fẹ́ ta lójú èèyàn?

Ọjọ́ Sátidé nìkan ni Màmá ráyè, ọjọ́ tí ọ̀gá kì í rà, tí wọn kì í tà. Àwa méjì la jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọjà tòkunbọ̀ kan lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́. Gìtá olókùn ọ̀rá méjì ló rọ̀ sára ògiri láàárín àwọn fíríìjì àlòkù. Ọ̀kan ń dán yinrin nítòsí ilẹ̀kùn, ìkejì ti ṣá bí aṣọ tí oòrùn pa. Iye kan náà ni wọ́n pè wọ́n. Àwọn ọkùnrin kan ń ta dráàfù lẹ́nu ọ̀nà.

Ọlọ́jà ní, "Ta á gbọ́, ọ̀gá onígìtá." Àwọn onídráàfù gbé orí sókè. Mo bá ṣe ohun tí ọmọ olóbì mọ̀ ọ́n ṣe. Mo yí gìtá po, mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀, mo wá ojú kòkòrò lára rẹ̀. Mo wá gbé e sétí, mo ń fi ìka kàn án kó-kó-kó.

Ọ̀kan ní, "Ṣé àgbọn ló fẹ́ rà ni?"

Èkejì ní, "Fi í sílẹ̀ jàre, ó ń gbọ́ ìròyìn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọmọ dráàfù fi dà sílẹ̀. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ojú ń tì mí. Mo nawọ́ sí èyí tó ń dán. Mo ní òun ni mo fẹ́. Ká sọ òótọ́, òun ló sún mọ́ ilẹ̀kùn jù.

Màmá dìde lórí àga àlòkù tí wọ́n jókòó lé. "Ihò ńlá àárín rẹ̀ yìí ńkọ́? Kòkòrò wo ló jẹ ẹ́?"

Ọlọ́jà ní, "Àlájà, ibẹ̀ lohùn ń gbà jáde."

"Ó dáa." Wọ́n yíjú sí mi. "Ṣé o ti là á?"

Nídìí obì, kò sí ẹni tó ń ra apẹ̀rẹ̀ kan láìmú ọ̀kan nínú rẹ̀ là wò. Òde obì a máa dán, inú ni kòkòrò ń gbé. Ẹni tí ojú bá ń tì láti là á níwájú olóko, òun ló ń ru kòkòrò relé. Mo mọ ohun tí Màmá ń wí.

Mo rọra ní, "Màmá, mi ò mọ̀ ọ́n ta."

"Ta ló ní kí o ta á? Mo ní kí o là á. Ṣé ẹni tó la obì gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán ni?"

Mo fi ìka kan fa okùn kan lára èyí tó ń dán. Ó kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Mo tẹ okùn náà mọ́ ọrùn rẹ̀. Ó ga débi pé ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo gbé èyí tó ti ṣá. Mo fa okùn kan. Ohùn náà jáde wẹ́rẹ́, ó rìn gba àárín àwọn fíríìjì kọjá, ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó máa lọ. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ẹ̀yìn ilé wa ló wọ inú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn onídráàfù ní, "Tún un ta." Mo tún fa okùn kan ṣoṣo yẹn, nítorí òun nìkan ni mo mọ̀.

Màmá ní, "Èyí là dáadáa." Wọ́n wá ní kí ọlọ́jà yọ owó ihò àárín rẹ̀ kúrò. Wọ́n fà á títí ọlọ́jà fi yọ ọ́.

Mi ò di olórin. Orin díẹ̀ tí mo mọ̀ náà ni mò ń tún ta. Màmá ti lọ sinmi. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń fi káàdì fa owó yọ ni yàrá obì dà báyìí. Orí fóònù lẹ ti ń ra gìtá, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò sì ta á fún yín gbọ́. Mi ò bá yín wí. Fóònù kì í fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ká ní ó wà nígbà náà, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ sá síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, ọmọ àbúrò mi gba gìtá tirẹ̀ nínú páálí. Ó gbé e sẹ́sẹ̀, ó ń wò ó, kò fọwọ́ kan okùn rẹ̀. Ó ní àwọn ará ilé á gbọ́.

Mo ní, "Là á."

Ó wò mí bí ẹni tí ọjọ́ orí ti ń dà láàmú. Lẹ́yìn náà ó fa okùn kan. Mo di ojú mi, mo sì gbóòórùn ewé gbòdògì.