Ta Ni Àáfà Rẹ Lórí Ayélujára?

Mo rántí ìgbà tí bàbá mi fún mi ní oṣù mẹ́ta péré kí n fi dárúkọ àáfà mi. Kì í ṣe àáfà kéú ni wọ́n ń béèrè o. Kéú tèmi, ọwọ́ àwọn fúnra wọn ni mo ti kà á, níwájú ilé wa ní Kabala Costain, lórí ẹní tí ìdí àwa ọmọ kéú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán. Àáfà tó ń kọ́ mi ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà, mo sì ti kéde fún gbogbo ilé pé iṣẹ́ kíkọ kódù ni n óò ṣe, pé èmi ni n óò máa kọ àwọn ètò tí fóònù àti kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́. Bàbá ní ó dáa. Wọ́n ní ta ló ń kọ́ mi? Mo ní orí ayélujára ni mo ti ń kọ́ ọ. Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ pé òun ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ afẹ́fẹ́.

Kí ẹ tó bá wọn wí, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Ìlọrin ni bàbá mi ti wá sí Kaduna, wọn kò sì mọ ìmọ̀ kankan tí kò ní ẹni tó fi léni lọ́wọ́. Wọ́n lè dárúkọ àáfà wọn, kí wọ́n dárúkọ àáfà tó kọ́ àáfà wọn, kí wọ́n máa kà á lọ títí wọ́n á fi kan àwọn tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá wọn. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n á pe gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣe àdúà fún wọn. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí wọ́n máa ń sọ fún àwa ọmọ kéú tó bá ń ṣe bí ẹni tó ti mọ̀ tán: "Ẹni tí kò bá ní àáfà, Ṣàtánì ni àáfà rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Hájíà, ló wá dá kún ọ̀ràn náà. Hájíà ti ṣe akọ̀wé ìjọba títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n ń gbé ní Ungwan Shanu, wọ́n sì gbà pé kò sí iṣẹ́ kan láyé tó ju iṣẹ́ tí a ń fi tábìlì àti àga ìjọba ṣe. Wọ́n mú mi lọ kí ọ̀gá ńlá kan nílé rẹ̀ ní Malali, kó lè bá mi wá iṣẹ́ ìjọba. Máìgádì ní "ku jira," pé kí a dúró, a sì dúró lẹ́nu géètì títí ìrun àìlà fi wọlé. Nígbà tí ọ̀gá náà fi ọkọ̀ jáde, ó gbé ìka kan sókè láti inú dígí. Ìka kan yẹn ni Hájíà fi ṣọpẹ́ títí a fi délé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ akọ̀wé fi dé lórúkọ mi. Bàbá gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Wọ́n ní bí Iléyá bá dé tí n kò tíì lè dárúkọ àáfà kan ṣoṣo, kí n sì sọ ohun tó kọ́ mi, n óò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà, n óò sì gbàgbé kódù.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá àáfà lórí ayélujára. Ọ̀mùgọ̀ ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀mùgọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kára. Bí àwọn kan ṣe ń fi títóbi láwàní yan àáfà ni mo ṣe ń fi iye ọmọlẹ́yìn yan ẹni tí n óò tẹ̀lé. Ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá ti ń tẹ̀lé, èmi náà á tẹ̀lé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan mo ti tẹ̀lé oríṣiríṣi ènìyàn tí n kò lè kà tán: ẹni tó ń fi àga tuntun rẹ̀ hàn, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà mẹ́ta hàn lórí tábìlì kan, ẹni tó ń sọ pé èdè kódù tí ẹnì kejì ń kọ́ ti kú, pé kí a wá kọ́ tòun. Àwọn àgbà ní gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Èmi kò mọ̀ pé ó yẹ kí n tilẹ̀ béèrè.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí mo fi ṣe olórí gbogbo wọn. Ọmọ Nàìjíríà ni, ó ń gbé òkè òkun, àwọn tó ń tẹ̀lé e á kún pápá ìṣeré. Gbogbo ohun tó bá kọ ni mo ń há sórí. Mo wá wàláà àtijọ́ kan, pátákó tí a fi ń kéú, nínú ilé kéú, mo ń fi tàdáwà kọ kódù rẹ̀ sí i láàárọ̀, mo ń kà á ní àkàtúnkà, tí mo bá ti há a tán mo á fọ̀ ọ́ nù, n óò kọ òmíràn. Ìyá mi kọjá lọ́jọ́ kan, wọ́n rí omi tàdáwà nínú igbá. Wọ́n ní, "Ṣé wàá mu ún ni, kó lè wọ̀ ọ́ lára dáadáa?" Mo bínú. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé kò tíì wọ̀ mí lára. Mo lè ka kódù náà láìwo wàláà, n kò sì lè sọ ohun tí ìlà kan nínú rẹ̀ ń ṣe.

Nígbà tí oṣù kan àti àbọ̀ ti lọ, mo pinnu láti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá náà kó gbà mí ní ọmọ iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ni mo ṣe kọ ọ́. Mo kí i ní sálámà. Mo kí i kú iṣẹ́, kú làálàá, kú òtútù ìlú òyìnbó. Mo béèrè ìyàwó, mo béèrè ọmọ, mo béèrè àwọn òbí tó bí i, mo ṣe àdúà fún èyí tó wà láàyè àti èyí tó ti kú. Ìbéèrè mi gan-an, ìlà kan péré, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà. Ní ilé wa, ìwọ̀nba ọ̀wọ̀ nìyẹn.

Kò dá mi lóhùn. Ńṣe ló ya àwòrán lẹ́tà náà, ó gbé e síta fún gbogbo ayé, ó kọ ọ́ sókè pé: "Ẹ wá wo lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ọba." Ó pa orúkọ mi rẹ́, mo gbà, ṣùgbọ́n èmi mọ ọ̀rọ̀ ẹnu ara mi. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní òun kò rí ibi tí ìbéèrè wà. Ẹnì kan ní irú àwọn wọ̀nyí ni kò lè ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà láéláé. Mo sunkún, n kò ní purọ́. Mo jókòó sórí àpótí ìdáná ìyá mi, mo sunkún títí ìrẹsì fi jóná.

Lẹ́yìn náà ni inú bí mi, inú náà kò sì tíì rọ̀ títí dòní. Mo kọ èsì sábẹ́ àwòrán náà, mo fi orúkọ mi gan-an kọ ọ́: "Èmi ni mo kọ lẹ́tà yìí. Ìkíni ni mo fi ránṣẹ́ sí yín. Nílé wa, ẹni tí kò bá lè dáhùn ìkíni, a kì í tún bi í ní ìbéèrè. Mo gba ìbéèrè mi padà." Mo yọ ọ́ kúrò lára àwọn tí mo ń tẹ̀lé lójú ẹsẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Nígbà tí mo ṣe tán, n kò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni mọ́. Iléyá sì ku oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀.

Níwọ̀n bí n kò ti ní àáfà, mo ní kí n máa ṣiṣẹ́. Mo ń kọ ètò kan fún ilé kéú bàbá mi, tí yóò máa fi orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan hàn pẹ̀lú súrà tó kà dé. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti pa kọ̀ǹpútà tí mo tún un tàn, gbogbo ọmọ kéú á ti padà sí Fátíhà, súrà àkọ́kọ́. Ẹni tó ti ka Àlùkùránì parí, tó ti ṣe wòlímọ̀, á padà sí Fátíhà. Mo kọ ìṣòro náà sínú àpótí ìwákiri, ibẹ̀ ni mo sì ti rí obìnrin kan tí kò fi ojú ara rẹ̀ hàn rárá. Àwòrán ewúrẹ́ ló fi síbẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀lé e kò lè kún àgbàlá wa. Ó kọ ọ́ pé òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún pípẹ́, síbẹ̀ lánàá ni òun sọ iṣẹ́ oníbàárà nù nítorí pé òun rò pé ètò náà ti tọ́jú rẹ̀, kò sì tọ́jú rẹ̀. Ó to ohun tó kọ́kọ́ gbìyànjú tí kò ṣiṣẹ́, ó wá to èyí tó ṣiṣẹ́, ó sọ ìdí rẹ̀ bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejì ó tún kọ̀wé: "Ohun tí mo sọ lánàá kò pé. Ẹnì kan ló tọ́ mi sọ́nà, orúkọ rẹ̀ nìyí."

Ìrántí kan sọ sí mi lọ́kàn lẹ́sẹ̀ kan náà. Mo wà lọ́mọdé, oṣù ààwẹ̀ ni, bàbá mi ń ṣe tàfúsírì, wọ́n ń túmọ̀ Àlùkùránì fún èrò. Wọ́n jókòó níwájú èrò, wọ́n ní, "Ohun tí mo sọ fún yín lánàá, mo ṣì í. Àáfà kan ló pè mí sí àkíyèsí, Ọlọ́run á san án fún un." Ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn nítorí wọn. Lọ́jọ́ tí mo rí ewúrẹ́ náà ni mo tó mọ ohun tí mo rí nígbà yẹn. Àwọn àgbà ní ẹni tí a bá ń bá ná ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà.

Mo tẹ̀lé e. Mo tẹ̀lé ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yẹ ẹni náà wò bóyá òun náà máa ń gbà pé òun ṣìṣe, mo sì rí ẹni tí òun náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí ni mo ṣe ń lọ láti orí ẹnì kan dé orí ẹnì kan. Gbogbo wọn kò ju mẹ́sàn-án lọ, n kò sì há ọ̀rọ̀ wọn sórí. Ohun tí wọ́n bá sọ, mo á gbìyànjú rẹ̀ wò lára ètò ilé kéú títí n óò fi mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Iléyá pé. A jẹ ẹran tán, Hájíà ti fi bírò sórí fọ́ọ̀mù. Bàbá ní, "Ó dáa. Ta ni àáfà rẹ?"

Mo kúnlẹ̀, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo fi àwòrán ewúrẹ́ hàn wọ́n.

Hájíà ké, "Haba! Ewúrẹ́? A rán ọmọ níṣẹ́ àáfà, ewúrẹ́ ló mú wálé!"

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó mọ̀ ọ́?"

"Kò mọ̀ mí, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, àáfà tó kọ́ àáfà yín, kò mọ̀ yín. Ìwé rẹ̀ lẹ kà, ẹ sì ń ṣe àdúà fún un láràárọ̀."

Hájíà ní mo gbójú. Mo gbójú lóòótọ́. Mo sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo dárúkọ obìnrin náà, mo dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ, mo dárúkọ ẹni tó kọ́ ìyẹn, mo sì sọ bí obìnrin náà ṣe kọ́ mi tí ètò ilé kéú kì í fi í gbàgbé súrà ẹnikẹ́ni mọ́ bí a bá pa kọ̀ǹpútà. Mo ní, "Gbogbo wọn ló máa ń sọ ọ́ níta bí wọ́n bá ṣìṣe. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti mọ̀ pé irú wọn là ń tẹ̀lé. Bí ẹ bá lé mi, màá lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yẹn."

Bàbá na ọwọ́ gba kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí n pa á. Mo pa á. Wọ́n ní kí n tún un tàn. Wọ́n wo orúkọ àwọn ọmọ kéú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, súrà kálukú sì wà níbi tó kà á dé. Wọ́n mú fọ́ọ̀mù, wọ́n ká a, wọ́n fi lé Hájíà lọ́wọ́. "Ẹ bá mi dá a padà. Ọmọ yìí ti ní àáfà."

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Iṣẹ́ kódù ni mo fi ń jẹun, láti Kaduna níbí, àwọn kan sì ń tẹ̀lé èmi náà. Bí mo bá ṣìṣe, mo máa ń kọ ọ́ síta kí ọjọ́ tó ṣú. Lẹ́tà onígbólóhùn gígùn máa ń wọlé sí mi, pẹ̀lú ìkíni ìyàwó tí n kò ní àti òtútù tí kò mú mi, mo sì ń dáhùn gbogbo ìkíni náà kí n tó dé orí ìbéèrè. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá òkè òkun yẹn fi ìlà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá àwọn ọmọlẹ́yìn òun sọ̀rọ̀. Kò kí mi, nítorí náà n kò rí ohun tí n óò dáhùn.

Lójú ewé mi lórí ayélujára, ibì kan wà tí mo to orúkọ àwọn tó kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí sí. Orúkọ bàbá mi ló ṣáájú, bàbá mi tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà títí dòní. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ ọ́, pé àwọn agbanisíṣẹ́ lè fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́ ló tẹ̀lé orúkọ bàbá mi.