Nọ́ọ̀bù Tó Tẹ̀ Lé Ohùn Mọ́mì

Gáàsì ni mò ń tà ní Alápẹ̀rẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rọ gáàsì, ohun tó lè gbé odindi ilé fò, sínú sìlíńdà, ọwọ́ mi kì í sì í gbọ̀n. Bí oníbàárà bá ń dúró lókèèrè nítorí ìbẹ̀rù, èmi ni mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé àpótí dúdú pẹlẹbẹ kan, tí kò tóbi ju búrẹ́dì lọ, ló lé mi kúrò nídìí kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkòsì, lójú gbogbo ẹgbẹ́ akọrin. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó rí i ṣì wà láàyè, wọn ò sì gbàgbé.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù níbẹ̀, láti ìgbà tí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣì jẹ́ pákó. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo fi díẹ̀ lé e, kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi ní orin nínú ilé ìwé kankan. Kíì kan ṣoṣo, ìyẹn ibi tí ohùn orin ti ń bẹ̀rẹ̀, ni mo mọ̀ ọ́n tẹ̀. Bí orin bá gba ibòmíràn lọ, mo máa tẹ bọ́tìnì tí wọ́n ń pè ní tíránsípọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ á gbé ohùn lọ síbi tí mo fẹ́, ìka mi á sì dúró sí àdúgbò tó ti mọ̀. Kí ẹ má rò pé èmi nìkan ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń tẹ kíbọ́ọ̀dù láti Kétu dé Mile 12, bọ́tìnì yẹn ló ń bò wá láṣìírí.

Àwọn ìyá ìjọ ló sọ ọ́ di ọ̀ranyàn. Ìyá ìjọ kì í béèrè kíì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó máa dìde, á gbé orin níbi tó bá bọ́ sí i lẹ́nu, ìwọ tó wà nídìí ẹ̀rọ ni wàá máa wá a kiri bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ já. Olórí wọn nígbà náà ni ìyá àgbà kan, ará Ìjẹ̀bú, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì. Mọ́mì fúnra wọn ni wọ́n ń gbé orin ọpẹ́ ní gbogbo Ìkórè. Bí orin bá dé àárín, Mọ́mì á gbé èjìká òsì sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ tún ẹrù gbé. Bí èjìká yẹn bá ti gòkè, orin náà máa gòkè tẹ̀ lé e, kò sí ìkìlọ̀ mìíràn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin náà sáré. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo èjìká náà ju bí mo ṣe ń wo ìka ara mi lọ.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, orúnkún Mọ́mì ti ń dá wọn lóró. Àwọn ọmọ wọn ti pinnu pé lẹ́yìn Ìkórè, wọ́n máa gbé wọn padà sílé ní Ìjẹ̀bú. Orin Ìkórè yẹn ni wọ́n máa gbé gbẹ̀yìn láàárín wa. Àkókò yẹn náà ni onílù wa jápa. Ẹnì kejì tó máa ń bá a lulù gbéyàwó, ó kó lọ sí Ìkòròdú, a ò rí i mọ́. Ni àwọn alàgbà bá ní kọ̀ǹpútà ni yóò máa lulù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá wa ṣètò rẹ̀. Ọ́fíìsì ló ń lọ ní Mende, ṣùgbọ́n orin ni kò jẹ́ kó sùn. Ó gbé láptọ́ọ̀pù wá, ó sì gbé àpótí dúdú yẹn tì í. Kọntírólà ni wọ́n ń pè é. Àpótí náà fúnra rẹ̀ kì í dún. Ó kàn ní àwọn kókó roboto tí wọ́n ń yí, ìyẹn nọ́ọ̀bù, ó ní àwọn tí wọ́n ń tì sókè-sódò, ó sì ní àwọn bọ́tìnì tó ń tanná. Ohun tí ìlù ń ṣe nínú láptọ́ọ̀pù, ìyára rẹ̀ àti ariwo rẹ̀, ibẹ̀ lèèyàn ti ń fọwọ́ darí rẹ̀ bí orin bá ṣe ń lọ. Ọmọ náà fi hàn mí, ó sì sáré padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ìjọ wa, a kì í lo ohun tuntun láìgbàdúrà sí i. Àga, fáànù, jẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn ló ń gba òróró. Ìwọ̀nba ni alàgbà máa ń lò, orí ìka kan, àgbélébùú kékeré, ó tán. Ọjọ́ tí kọntírólà dé, alàgbà ò sí nítòsí, èmi tí ẹ̀rù ń bà ni mo gba ìgò òróró. Mo ní bí mo bá máa fọwọ́ kan nǹkan yìí, kí n kúkú gbàdúrà náà dáadáa. Nọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ni mo fún ní tirẹ̀, bí ẹni ń fi òróró sí ìdí ilẹ̀kùn tó ń han. Mo tún fi ìka pa á wọlé.

Nígbà ìdánrawò, Mọ́mì gbé orin, mo rí kíì wọn, mo tan ìlù. Ó dùn. Inú mi ń dùn. Àfi bí Mọ́mì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, tí ìlù kọ̀ǹpútà ń rọra bọ̀ lẹ́yìn bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Mo na ọwọ́ sí nọ́ọ̀bù tó ni ìyára. Mi ò tíì yí i, mo kàn fọwọ́ bà á ni, ìlù fò dìde bí ẹni tí ajá ń lé. Mo ní kí n dá a padà, òróró yọ̀, nọ́ọ̀bù sá lọ sí òpin kejì, ìlù di ti ìsìnkú. Mo tún dá a padà, ajá tún lé e. Ìgbà tí àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í di ikùn mú fún ẹ̀rín, mo lọ fa wáyà láptọ́ọ̀pù yọ lára ògiri. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì. Ìlù ò dákẹ́. Ni mo bá sọ fún wọn pé mo fẹ́ lọ wo ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì jáde. Mo mọ̀ dájú pé mo ti ti ṣọ́ọ̀bù kí n tó wá.

Ìta ni mo wà tí mo fi gbọ́ ohùn Mọ́mì. Wọn ò pariwo.

"Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò lè dúró dè mí, tí kò sì lè sáré tẹ̀ lé mi, mi ò lè bá a kọrin. Ẹ jẹ́ kí n fi ìjókòó dúpẹ́ tèmi."

Ẹnì kan ní kí wọ́n kúkú fi àtẹ́wọ́ kọ ọ́. Mọ́mì ní ìlù ni ìjọ fi gba àwọn wọlé, àwọn ò ní fi àtẹ́wọ́ lásán dágbére. Ẹ̀rín tán nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi tí mo wà lẹ́yìn fèrèsé, ojú tì mí débi pé mi ò lè wọlé padà lọ mú bàtà mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó ẹ̀rọ náà láti ṣọ́ọ̀ṣì wá sílé mi ní Sátidé. Ó gbé kọntírólà sókè, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ọ́ńkù, kí lẹ dà sínú ẹ̀?"

"Àdúrà ni."

"Àdúrà tó ń yọ̀ báyìí?"

Ó fi òwú àti sípíríìtì nu ún fún ìgbà pípẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé òróró nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Nọ́ọ̀bù dúró síbì kan, láptọ́ọ̀pù ní tirẹ̀ dúró síbòmíràn. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án, láptọ́ọ̀pù fò lọ bá a níbi tó wà. Ó tún un tò, kí láptọ́ọ̀pù má dá nọ́ọ̀bù lóhùn títí ọwọ́ mi á fi yí i débi tí òun wà, kí àwọn méjèèjì tó jọ máa rìn. Ó wá fi hàn mí pé kò sí nọ́ọ̀bù tí wọ́n bí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Èèyàn máa tọ́ka sí ohun tó fẹ́ lójú láptọ́ọ̀pù, á yí nọ́ọ̀bù tó bá wù ú, láti ìgbà náà lọ, nọ́ọ̀bù yẹn ló ni iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí là mí lójú. Mo ní kó gbé kíì sórí bọ́tìnì méjì, ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, kí gbogbo ohun tó ń dún, kíbọ́ọ̀dù mi àti láptọ́ọ̀pù, jọ máa gòkè ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan bíi tíránsípọ́ọ̀sì tí mo ti mọ̀. Mo ní kó fi ariwo ìlù sórí èyí tí wọ́n ń tì sókè-sódò. Ó wá ku ìyára, òun gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Mo bi í pé, "Ṣé dandan ni kí nọ́ọ̀bù yìí lè sáré tó bí ajá ọjọ́ yẹn?"

"Rárá. Ibi tí ẹ bá ní kó dé ló máa dé."

Ni mo bá pàtẹ́wọ́ fún un bí Mọ́mì ṣe máa ń kọrin nígbà tí wọ́n bá ń fà á. Ó fi ìyẹn ṣe ìsàlẹ̀. Mo tún pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré nígbà tí ẹ̀mí bá gbé wọn. Ó fi ìyẹn ṣe òkè. Láti ìgbà náà, bí mo fi ìgbọ̀nwọ́ yí nọ́ọ̀bù náà, kò lè ya wèrè mọ́. Ọmọ náà ní òun máa lo irú ètò yìí nínú orin ara òun. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó lè tún un sọ.

Ìjọ tirẹ̀ náà máa ṣe Ìkórè lọ́jọ́ kan náà, kò ní lè wá. Èmi nìkan ni. Mo ń fi ohùn Mọ́mì tí mo ti gbà sílẹ̀ sórí fóònù mi dánra wò ní pálọ̀ lójoojúmọ́, ọwọ́ òsì lórí kíbọ́ọ̀dù, ọwọ́ ọ̀tún lórí nọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi ní òun ò mọ̀ pé ọkùnrin tó ń bẹ àpótí lòun fẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí Ìkórè pé, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Mọ́mì nílé wọn. Wọ́n ní kí n dìde.

"Bí ẹ̀rọ yẹn bá sá fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, màá jókòó. O ò sì ní bẹ̀ mí mọ́."

Lọ́jọ́ Ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo iwájú pẹpẹ. Àgbádá mi ti tutù fún òógùn kí ẹnikẹ́ni tó kọrin. Mọ́mì dìde, wọ́n di àga iwájú mú, wọ́n gbé orin níbì kan tí mi ò bá wọn débẹ̀ rí. Mo tẹ bọ́tìnì ìsàlẹ̀, mo tún un tẹ̀, mo bá wọn níbẹ̀. Mo rọra ti ìlù sókè. Mo rò pé wọ́n máa sáré. Wọn ò sáré. Ńṣe ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa orin náà, wọ́n ń fà á bí ẹni ń fa okùn kànga, wọ́n sì ń fi ìdajì ojú wò mí. Wọ́n ń dán mi wò ni. Mo yí nọ́ọ̀bù sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ìlù tẹrí ba, ó rọ̀, ó dúró dè wọ́n. Mọ́mì yí ojú síwájú.

Bí mo ṣe rí èjìká òsì, mo ti tẹ bọ́tìnì kí wọ́n tó yanu. Orin, ìlù, àti gbogbo wa jọ gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjọ dìde. Èjìká tún gòkè, a tún bá a lọ. Mọ́mì fi àga sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, mò ń yí nọ́ọ̀bù, ìlù ń sáré tẹ̀ lé wọn bí ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀. Mo ti ń rò ó nínú ọkàn mi pé ta ló sọ pé ẹ̀rù ń ba èmi.

Nígbà náà ni nọ́ọ̀bù kan òpin. Ààlà tí èmi fúnra mi pàtẹ́wọ́ rẹ̀ ni, Mọ́mì sì ń kọjá rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, wọn ò sáré tó báyìí rí, kódà kí orúnkún tó máa dá wọn lóró. Ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í kù sẹ́yìn. Mo rí i tí ọwọ́ wọn ń wá àga. Bí wọ́n bá jókòó, ó parí.

Mi ò ronú. Mo fa ìlù wálẹ̀ pátápátá, mo sì ká ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Ohùn Mọ́mì nìkan ló kù, àti àtẹ́wọ́ ìjọ tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ lábẹ́ ìlù, tí a ò gbọ́. Àtẹ́wọ́ náà bú jáde bí òjò lórí páànù, ó bá Mọ́mì níbi tí wọ́n wà, ó gbé wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Wọ́n sáré títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Mò ń fi ẹsẹ̀ ka àtẹ́wọ́ náà. Nígbà tó wọ ààlà mi, mo ti ìlù sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì bọ́ sórí ẹsẹ̀ wọn gẹ́lẹ́. Ariwo tí ìjọ pa, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé Kétu. Àwọn alàgbà rò pé bí a ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Mo mi orí bí ẹni tó ṣètò rẹ̀.

Nígbà tí orin tán, Mọ́mì rọra rìn wá sídìí ẹ̀rọ, wọ́n ń fi gèlè nu ojú. Wọ́n wo kọntírólà, wọ́n wo èmi.

"Ìwọ lo pa á lẹ́nu mọ́ nígbà yẹn, àbí òun ló dákẹ́?"

"Èmi ni, Mọ́mì."

"Mo mọ̀. Òun ò lè mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn panu mọ́."

Wọ́n yíjú sí ìjọ, wọ́n fẹ́ mú àga, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

"Tan án padà," wọ́n ní. "Mo ṣì lórin."