Ìpè Tí Akọ̀wé Gbé Sórí Ìkànnì Ẹgbẹ́

Àwọn tó mọ̀ mí ní Niamey mọ̀ pé èmi àti akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ìlú yìí kì í kí ara wa mọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ipò ni. Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, kí ni mo fẹ́ fi ipò ṣe? Nítorí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ránṣọ ní àdúgbò Boukoki níbí ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ fúnra mi, nítorí bí mo bá kú tán, akọ̀wé ni yóò kọ ìtàn ayé mi, yóò sì fi àwòrán ara rẹ̀ sí i.

Ẹgbẹ́ wa ní ìkànnì lórí ayélujára. Fóònù mi kò mọ̀ ju ìpè lọ, ẹni tó bá wá kí mi ni mo ń gba tirẹ̀ wò ó. Alága tó ń gé kéèkì ni ẹ ó rí níbẹ̀, àti akọ̀wé tó ń bá ẹni ńlá bọwọ́. Síbẹ̀ àwọn ọmọ wa tó wà nílé, nílẹ̀ Yorùbá, a máa ṣí i, bóyá wọn a rí ojú òbí wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi dìde ní ìpàdé nílé alága ní Maourey, tí mo ní kí a ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ohun tó wúlò: ta ló ń ṣàìsàn, ta ló ń wá ará ilé rẹ̀, ọ̀nà wo ló ṣeé gbà lọ sílé nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè pa.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Báǹkì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dá oníbàárà padà lẹ́nu fèrèsé.

“Màmá, ẹ̀yin àgbà lẹ kọ́ wa pé a kì í tú àṣírí ilé síta. Ṣé aláìsàn la ó wá gbé sójú ọjà?”

“Ikùn tìrẹ tí o gbé síbẹ̀ ńkọ́?” ni mo wí. “Ta ni ìyẹn wúlò fún?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rín.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Opó ni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ìyẹn sì wà nílé ọkọ ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n ti jí fóònù ọ̀rẹ́ mi ní ọjà Wadata, nọ́ńbà ọmọ náà sì bá a lọ. Ní ọ̀pítà, dókítà pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sọ fún mi lédè Faransé pé kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́. Nígbà tí mo padà wọlé, ọ̀rẹ́ mi wo ojú mi.

“Tíṣà, má wulẹ̀ parọ́, o ò mọ̀ ọ́n pa. Ọmọ mi ni kí o bá mi wá. Mo fẹ́ fojú kàn án.”

Ìkànnì yẹn nìkan ló kù. Mo kọ ọ́ ketekete pé ìyá wà láàyè, pé ó wà ní ọ̀pítà, pé àìsàn náà le, kí ọmọ rẹ̀ má ṣe jáfara. Mo gbé e fún akọ̀wé, nítorí òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan síbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ní ọmọ náà ti pe òun, ó ń bọ̀. Mo sáré lọ sọ fún ọ̀rẹ́ mi. Ó ní kí n wá onídìrí, kí ọmọ òun má bàa bá òun ní jákujàku. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà ṣáá. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Nígbà tó yá, kò lè gbé orí mọ́, ẹnu ọ̀nà náà ló kọjú sí títí ó fi dákẹ́.

Ọjọ́ kejì ni ọmọ náà dé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ sí ilé ìyá rẹ̀ ní Boukoki, níbi tí a péjọ sí. Ọ̀nà Gaya lẹ́bàá ẹnubodè ni wọ́n gbà, ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn kọjá odò. Aṣọ dúdú ni ọmọ náà wọ̀, aṣọ funfun tuntun sì wà nínú báàgì rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì béèrè pé:

“Mà, yàrá òkú ọ̀pítà wo ni wọ́n gbé wọn sí?”

Ẹnu yà mí, nítorí a kò tíì ránṣẹ́ ikú sí ẹnikẹ́ni.

“Ta ló sọ fún ọ pé ó ti kú?”

Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Akọ̀wé ti yọ gbogbo ohun tí mo kọ. Ohun tó fi síbẹ̀ ni pé kí ẹbí ìyá náà yọjú sí ẹgbẹ́ ní Niamey.

“Nígbà tí mo pe akọ̀wé yín, mo ní ṣé kò sí nǹkan. Wọ́n ní kí n ṣáà máa bọ̀, bí mo bá dé, mo máa gbọ́. Mà, ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ òkú? A ṣèpàdé ẹbí, a dúró de àwọn àgbà, a ra aṣọ. A ní òkú kò ní ìkánjú.” Ó gbójú sókè wò mí. “Ṣé màmá mi ṣì wà láàyè nígbà tí mo pè?”

“Ó ń dirun dè ọ́,” ni mo wí.

Akọ̀wé ti wọlé láti kí wọn, ó sì gbọ́.

“Màmá, mi ò fẹ́ kí àyà ọmọ já lójú ọ̀nà,” ló wí. “Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn.”

Ọmọbìnrin náà yíjú sí i lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, sà.” Mo fà á lápá kó dìde, kò dìde.